Àwọn Ẹyẹ Ìgbà Òtútù Ní Peckham

Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé mo lo oṣù mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, ààfin ọba àti ọjà ni wọ́n máa ń bi mí léèrè. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí wọn. Ẹyẹ ni mo wò ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ó gbé mi lọ nìyẹn.

Ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Peckham, láti bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Peckham kò ṣòro fún ẹni tí ó ti Ìbàdàn wá. Ní òpópónà Rye Lane, ènìyàn lè ra iṣu, ẹ̀fọ́, pọ̀nmọ́ àti ata rodo, kí ó sì fi Yorùbá ná an. Òtútù nìkan ni kò gbọ́ Yorùbá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé tí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Nígbà tí a jí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, gbogbo òrùlé, gbogbo ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ka igi ti funfun. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin kò lè rìn, ọkọ ọmọ mi sì padà wálé láti ibùdókọ̀. A kò mọ̀ nígbà náà pé oṣù Kejìlá yẹn ni yóò tutù jù lọ nínú gbogbo oṣù Kejìlá tí wọ́n ti ṣírò ní Britain láti ọdún 1910.

Mo dúró lójú fèrèsé kíṣìnì, mo pọn ọmọ, mo ń wo ọgbà ẹ̀yìn ilé kejì. Mo rí ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan tí ó jáde pẹ̀lú kóòtù lórí aṣọ ìsùn àti bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná dání, ó dà á sínú àwo kan tí omi inú rẹ̀ ti dì gbagidi. Lẹ́yìn náà ni ó gbá yìnyín kúrò lórí tábìlì kékeré kan, ó sì da nǹkan sí i láti inú agolo. Kí ó tó yí ẹ̀yìn padà, ẹyẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ láti orí ọgbà àti orí igi, bí ọmọ ilé-ìwé tí ó gbọ́ agogo oúnjẹ.

Mo pe ọmọ mi. Mo ní, “Ṣé orí ìyá yìí pé?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ẹyẹ ni wọ́n ń fún ní oúnjẹ.”

“Ẹyẹ ta ni?”

“Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Nídìí oko ìrẹsì ni mo ti dàgbà, ní agbègbè Ìgbẹmọ ní Èkìtì. Láti ìgbà tí ìrẹsì bá ti ń ní omi nínú títí di ọjọ́ ìkórè, àwa ọmọdé kì í sinmi. A ó ti dé oko kí oòrùn tó yọ, pẹ̀lú agolo tí a ó máa lù àti kànnàkànnà lọ́wọ́, a ó máa pariwo lé ẹ̀gà. Bí oorun bá gbé mi lọ lọ́sàn-án tí wọ́n sì jẹ igun kan nínú oko, bàbá mi kì í na mi. Yóò kàn mú mi lọ́wọ́ dé igun náà, yóò gbé ṣírí ìrẹsì tí ó ti ṣófo lé mi lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, owó ilé-ìwé tí ó ń fò lọ ni mo ń pè ní ẹyẹ.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá náà, bí ó ti yẹ kí àlejò kí àgbà àdúgbò, tíì ni ó gbé kalẹ̀, ó sì fi àga mi sí ojú fèrèsé. Ẹni 70 ọdún ni, èmi sì jẹ́ 61 nígbà náà. Orúkọ mi kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó bá ilé wa pè mí ní Grandma, èmi sì ń pè é ní Màmá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, èmi tí mo fi ọdún 35 ṣe tíṣà.

Ó nàka sí ẹyẹ kékeré kan tí orí rẹ̀ dà bí aró, tí àyà rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Blue Tit ni wọ́n ń pè é. Gíráàmù 11 péré ni ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi òṣùwọ̀n ọmọ mi wọn ṣúgà wò: kò tó ṣíbí tíì mẹ́ta. Wren kéré jù ú lọ. Ara irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ gbóná ju ti ènìyàn lọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbóná bẹ́ẹ̀ ní gbogbo òru, nínú ihò igi tàbí láàárín ewé, nígbà tí omi ń dì. Oúnjẹ tí ó jẹ lọ́sàn-án nìkan ni igi ìdáná rẹ̀. Ní òru kan ṣoṣo tí ó tutù dáadáa, ẹyẹ kékeré lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀.

Ẹ wá rò ó pọ̀ mọ́ èyí. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gùn jù àti ọjọ́ tí ó kúrú jù láàárín ọdún kò tó wákàtí kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, kí ó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni ẹyẹ ní láti fi jẹ oúnjẹ wákàtí 24. Kòkòrò ti sá pamọ́ tàbí ó ti kú, èso ti tán lórí igi, ilẹ̀ ti le bí àpáta, yìnyín sì bo ìyókù. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi máa ń jáde ní kùtùkùtù, tí ó sì tún ń jáde ní aago méjì ọ̀sán. Òwúrọ̀ wà fún ẹni tí òru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ọ̀sán wà fún òru tí ó ń bọ̀. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé àwọn ẹyẹ ìyá yìí sanra. Wọn kò sanra rárá. Ìyẹ́ ni wọ́n fẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín rẹ̀, bí ìgbà tí a bá wọ súwẹ́tà méjì. Omi náà kì í ṣe fún mímu nìkan. Wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀, àní nínú òtútù yẹn, nítorí ìyẹ́ tí ó bá dọ̀tí kì í mú ooru dúró.

Ó sọ̀rọ̀ ìgbà òtútù 1962 sí 1963 fún mi. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, kò sì tán títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Láti ọdún 1740, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì rí irú rẹ̀. Ó ní òun ń ṣa àwọn Wren tí ó gan nílẹ̀ lábẹ́ òdòdó ìyá òun, wọ́n fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Wren wà lára àwọn ẹyẹ tí ó kú jù lọ. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n máa ń gbàgbé ìjà, wọ́n á há mọ́ra wọn láti sùn. Ní Norfolk ní ọdún 1969, wọ́n ka 61 nínú àpótí ìtẹ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ ṣe tèmi. Ìrẹsì ọbẹ̀ ata kù nínú ìkòkò wa, mo bù ú sí orí ògiri ọgbà. Màmá yára jáde bí ẹni tí ilé ń jó. Mo rò pé ata ni ó ń bẹ̀rù. Ó ní ata kò ṣe ẹyẹ ní nǹkan kan, wọn kì í mọ̀ pé ó ń ta. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣa ata wẹ́wẹ́ wa jẹ nílé láìmí kanlẹ̀. Iyọ̀ ni ọ̀tá. Ara ẹyẹ kékeré kò lè kó iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ jáde. Nítorí náà, kò sí ẹ̀pà oníyọ̀, kò sí ẹran oníyọ̀, kò sí ọ̀rá tí ó ṣẹ́kù nínú páànù ìdínran. Wàrà kì í dà nínú wọn. Búrẹ́dì kì í pa wọ́n ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò ní agbára nínú: ó ń kún inú, kì í dáná. Ohun tí ó ń gbà wọ́n là ni ọ̀rá màlúù, èso sunflower tí a ti bó, àti ẹ̀pà tútù tí a kò fi iyọ̀ sí, nínú apẹ̀rẹ̀ wáyà kí wọ́n lè máa sá a jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀pà yẹn náà ní ìtàn. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil ni wọ́n bá nínú oúnjẹ wọn, ó sì ti bu. Májèlé tí èbu náà ń ṣe ni wọ́n wá sọ ní aflatoxin, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn náà jẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí ni mo ti ń ṣa ẹ̀pà mi kí n tó yan án.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò tíì rí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà ní Peckham nígbà òtútù. Robin, aláyà pupa tí àwọn òyìnbó ń yà sí káàdì Kérésìmesì, ni mo rò pé yóò níwà tútù jù lọ. Jàgídíjàgan ni. Akọ àti abo rẹ̀ ló ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ nígbà òtútù, àwọn méjèèjì ló sì ń kọrin láti fi lé ẹlòmíràn. Ológoṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ nínú Bíbélì máa ń wá lẹ́gbẹẹgbẹ́. Màmá máa ń kà wọ́n bí ẹni ń ka owó, nítorí pé iye wọn ní Britain ti dín ju ìdajì lọ láti ìparí àwọn ọdún 1970. Lọ́jọ́ kan, ariwo kan sọ, ẹyẹ gígùn márùn-ún aláwọ̀ ewé já wọlé, gbogbo àwọn yòókù sì sá. Ayékòótọ́! Nínú yìnyín! Láti ọdún 1969 ni wọ́n ti ń bímọ nígbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yà wọn wà ní àríwá Nàìjíríà, ó sì wà ní Íńdíà títí dé ẹsẹ̀ òkè Himalaya, wọ́n sì ti mọ òtútù díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Mo wò wọ́n, mo wo ara mi nínú súwẹ́tà mẹ́ta, mo ní, “Ẹ kú àbò, ẹ̀yin ará ilé.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá mú mi wọ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 lọ sí afárá Westminster. Ẹyẹ òkun pọ̀ lórí odò Thames, wọ́n ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin afárá débi tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kan wọ́n. Ìgbà òtútù líle ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni wọ́n di ará Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ń yìnbọn sí wọn láti orí afárá nígbà yẹn. W. H. Hudson, tí ó kọ ìwé kan lórí àwọn ẹyẹ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1898, sọ bí ó ṣe rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán wọn láti wá ju ìyókù oúnjẹ fún àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Mo dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lébìrà tí òtútù ń mú òun náà, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni ó ń pín búrẹ́dì. Láti ibẹ̀ a rìn dé St James's Park. Ẹyẹ pelican ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1664, ẹ̀bùn láti ọwọ́ ikọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ẹja ni wọ́n ń fún wọn. Ẹsẹ̀ mi ti kú, a bá padà sílé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, yìnyín tún bọ́, wọ́n sì ti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá yọ̀ ṣubú pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí inú ọgbà lé mi lọ́wọ́. “Àárọ̀ àti ọ̀sán, Grandma. Ẹ má jẹ́ kí omi dì.”

Mo ṣe é, mo sì ṣe é jù. Kí oúnjẹ tó tán ni mo ti ń da òmíràn lé e. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rin, ó lẹ̀ pọ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ wà lórí tábìlì, n kò sì rí i, nítorí pé yìnyín bo gbogbo rẹ̀, ó funfun, ó mọ́ lójú. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ẹyẹ kan tí ó jókòó sórí tábìlì, Greenfinch, aláwọ̀ ewé tí ẹnu rẹ̀ nípọn. Ó wú bí bọ́ọ̀lù. Mo sún mọ́ ọn, kò fò. Ẹnu rẹ̀ tutù, èso sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní òtútù ni. Mo da oúnjẹ sí i níwájú. Ó ń gbé e sẹ́nu, kò lè gbé e mì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú, òmíràn sì ti jókòó sí àyè rẹ̀.

Mẹ́rin ni mo sin. Ilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ́kọ́ da omi gbígbóná sí i kí ṣọ́bìrì tó lè wọlé.

Mo pinnu pé n kò ní sọ fún Màmá. Ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìwòsàn, kí ni a ó máa kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ fún? Ṣùgbọ́n kí n tó fìdí kan àga, ó ti bèèrè: “Àwọn ẹyẹ mi ńkọ́?” Mo la ẹnu láti sọ pé dáadáa ni wọ́n wà. Òtítọ́ ni ó jáde.

Ó di ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé Greenfinch ni? Ṣé ẹnu wọn tutù?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ìgbà wo ni ẹ wẹ tábìlì náà kẹ́yìn?”

N kò wẹ̀ ẹ́ rí. Èmi tí mo máa ń wo èékánná ọmọ ilé-ìwé ní àràárọ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi ni n kò sọ fún yín.” Ó wá ṣàlàyé pé trichomonosis ni orúkọ àrùn náà. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, inú itọ́ ni ó ń gbé, ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń dí. Kì í mú ènìyàn. Ó pẹ́ tí ó ti wà lára ẹyẹlé, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára irú àwọn ẹyẹ Greenfinch ní Britain. Orí tábìlì tí gbogbo wọn ti ń jẹ, àti nínú omi tí gbogbo wọn ń mu, ni wọ́n ti ń kó o ran ara wọn. Ó ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n fi omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá, kí n má sì gbé oúnjẹ kankan síta fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn ẹyẹ náà lè tú ká.

Mo ní, “Nínú òtútù yìí?”

Ó ní, “Nínú òtútù yìí.”

Ẹ̀yin ìyá, ẹ óò mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ le ju gbogbo yìnyín lọ. Robin máa ń wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa wò mí. Èso sunflower wà nínú agolo lẹ́yìn mi, mo sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn mo máa ń fi ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀, mo ń gba iwájú. A dúpẹ́ pé yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kí oṣù náà tó parí, ilẹ̀ sì rọ̀. N kò tún rí ẹyẹ tí ó kú.

Ìdajì oṣù Kìíní ni Màmá padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Ní ìparí oṣù náà, a jókòó sójú fèrèsé fún wákàtí kan, a ń ka ẹyẹ fún RSPB, ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ ní ọdún 1889 nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń pa kí wọ́n lè fi ìyẹ́ wọn ṣe fìlà ọ̀ṣọ́. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ báyìí lọ́dọọdún, àwọn tí ó sì ń kópa ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Iye tí ènìyàn bá rí lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò kọ, kí ó má baà ka ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. A rí Robin kan, Blue Tit mẹ́ta, ológoṣẹ́ méje. A tún rí Blackcap kan, ẹyẹ eérú tí ó dé fìlà dúdú. Màmá ní irú rẹ̀ láti Jámánì máa ń gba Spéènì lọ nígbà òtútù tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n nítorí oúnjẹ inú ọgbà, ọ̀pọ̀ wọn ti yí ọ̀nà padà sí Britain. Ó bi mí bóyá a ń rí alápàńdẹ̀dẹ̀ wọn nílé wa. Mo ní a ń rí i, kódà ní Ebbaken, lágbègbè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n ń sùn nínú koríko ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan nígbà tí òtútù bá lé wọn wá. Ó ní, “Nígbà náà, ẹ̀yin náà ń bá wa tọ́jú wọn.” Níbi Greenfinch, òdo ni a kọ.

Mo padà sí Ìbàdàn ní ìparí oṣù Kejì. Láti ìgbà náà, nǹkan kò dára fún Greenfinch. Ní ọdún 2021, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pupa, ti àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn léwu jù ní Britain. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, RSPB dáwọ́ títa tábìlì ẹyẹ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ dúró nítorí àrùn. Màmá ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní etí òkun. Apẹ̀rẹ̀ wáyà rẹ̀ wà lọ́gbà ọmọ mi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́.

Ọmọ tí mo pọ̀n lójú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ni ó ń ka ẹyẹ báyìí. Ní ìparí oṣù Kìíní, yóò pè mí lórí fóònù, yóò ka iye wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Nígbà tí ó pè kẹ́yìn, ó ní Greenfinch kan wá, ó jẹun, ó sì fò lọ.

Mo ní, “Ṣé o wo ẹnu rẹ̀?”

Ó ní, “Mo wò ó, Grandma. Ó gbẹ.”